Èsì: Tí hẹlikópítà bá já sómi ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n mi l'Ákùrẹ́, ẹ ní àbúrò yín ríṣẹ́ lórí òkun, pé hẹlikópítà ni yóò máa gbé e lọ síbẹ̀, pé tó bá já sómi, ṣebí ó mọ̀ọ́ wẹ̀ bí ọmọ Ìlàjẹ. Ìwẹ̀ nìkan ò tó o! Ẹ́ńjìnì hẹlikópítà tó wúwo, òkè ló wà, ìyẹn ló fi sábà máa ń dojú dé nínú omi. Kó yáa di etí wíńdò mú ṣinṣin, kó má fi sílẹ̀ rárá, kó dúró títí hẹlikópítà ò fi ní yí mọ́, kó ti wíńdò síta, kó tó wá tú bẹ́líìtì, torí tó bá tètè tú u omi á gbé e kiri, kò ní mọ̀kè mọ̀sàlẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kó má fẹ́ láífú jákẹ́ẹ̀tì, aṣọ tó ń múni léfòó, nínú hẹlikópítà o, á kàn há a mọ́bẹ̀ ni, ìgbà tó bá jáde tán ni kó fa okùn rẹ̀ kó lè fẹ́. Kó má sì fi tréníǹ HUET, ìyẹn ẹ̀kọ́ bí èèyàn ṣe ń jáde nínú hẹlikópítà tó bá já sómi, ṣeré, inú púùlù ni wọ́n ti máa dà á dojú dé títí tá á fi mọ́ ọn lára.