Màmá, ẹ má rọ ọmọ lóògùn mọ́

Màmá wa ní Òṣogbo,

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ kọ̀wé pé ọmọ-ọmọ yín, ọmọ ọdún mẹ́rin tí wọ́n bí kòkòrò HIV mọ́, ń tu oògùn rẹ̀ dànù láàárọ̀ àti lálẹ́. Pé ẹ máa ń lọ hóró inú kápúsù lopinavir, oògùn HIV tí wọ́n fún un náà, kúnná, tí ẹ ó pò ó mọ́ odidi abọ́ ẹ̀kọ, àti pé bí ó bá kọ̀ ọ́, ẹ ó tẹ́ ẹ sórí itan, ẹ ó di imú rẹ̀, ẹ ó sì rọ ọ́.

N kò ní bá yín jà, nítorí èmi náà mọ itan ìyá yẹn, agbo tí wọ́n fi rọ mí kò sì tíì kúrò lọ́fun mi. Ṣùgbọ́n lílọ̀ tí ẹ ń lọ̀ ọ́ gan-an ló ń mú un korò. Ṣe ni wọ́n fi nǹkan bo àwọn hóró náà kí kíkorò wọn má baà kan ahọ́n. Bí ẹ bá ti fọ́ ìbòrí yẹn, ewúro tí a kò fọ̀ sàn jù ú lọ. Bí ọmọ bá sì ṣẹ́ ẹ̀kọ kù sínú abọ́, oògùn ló ṣẹ́ kù. Ní ti rírọ, ó lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá padà sí kílíníìkì, ẹ bi wọ́n bóyá ọmọ náà lè bọ́ sórí dolutegravir ti ọmọdé, oògùn HIV mìíràn tó ń yòrò nínú omi, tó sì ní adùn èso strawberry. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó kọ́kọ́ gbà á ní 2021. Èyí tí wọ́n pò mọ́ oògùn HIV méjì mìíràn, abacavir àti lamivudine, ti wà báyìí fún ọmọ tó wọn kílò 6 títí dé ìsàlẹ̀ 25, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ sì ni wọ́n ń lò ó. Ọmọ kílò 15 yóò lo hóró àpòpọ̀ yìí márùn-ún. Kí iye yẹn má bà yín lẹ́rù, ti ọmọdé ni. Ẹ dà á sínú ṣíbí omi kékeré mẹ́rin, kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ rò ó, kí ó mu ún tán kí ìṣẹ́jú 30 tó pé, kí ẹ fi omi díẹ̀ ṣan ife náà, kí ó sì mu èyí náà. Bí ẹ bá ń fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì, nítorí irin inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí dolutegravir wọ ara dáadáa.

Títí dìgbà náà, ẹ má dá ti ọwọ́ yín dúró. Ẹ wọ́n hóró inú kápúsù lopinavir náà lódidi sórí ẹ̀kọ tútù ṣíbí kan, kí ó gbé e mì láìjẹ ẹ́. Bí ó bá sì béèrè ohun tó ń lò ó fún, ẹ sọ pé oúnjẹ àwọn sójà inú ara rẹ̀ ni. Ẹ kó àwọn kápúsù tó kù dání lọ, kí wọ́n kà á lójú yín.