Ìbéèrè Yín: Owó Díẹ̀ àti Ìlú Washington

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. New York ni mo ń gbé. Mo fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Washington ní ìparí oṣù. Ṣé rélùwéè ni kí n wọ̀ ni àbí bọ́ọ̀sì? — Akẹ́kọ̀ọ́ kan, New York

Ìdáhùn: Bọ́ọ̀sì ni, bí owó bá jẹ́ ìṣòro. Rélùwéè yá jù ú lọ, ó sì tura, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ máa ń ga sókè bí ọjọ́ ìrìn àjò bá ti ń súnmọ́. Bọ́ọ̀sì ń gbà tó wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún. Tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ, má sì ṣe mú ọjọ́ Ẹtì tàbí ọjọ́ Àìkú, nítorí ọjọ́ wọ̀nyẹn ni gbogbo ènìyàn ń rìn.

Ìbéèrè: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní Òṣogbo. Ọmọ mi tó ń gbé ní Hyattsville, ní ìpínlẹ̀ Maryland, fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú fún mi, pápákọ̀ Dulles ni n ó sì bọ́ sí. Iṣẹ́ kì í jẹ́ kó ráàyè, n kò sì fẹ́ kó máa pa ibi iṣẹ́ jẹ nítorí mi. Mo fẹ́ rí Washington dáadáa, ṣùgbọ́n dọ́là 200 péré ni mo lè ná. Ṣé ó ṣeé ṣe? — Màmá kan, Òṣogbo

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Ó ṣeé ṣe dáadáa, nítorí pé púpọ̀ nínú ohun tí àlejò ń lọ wò ní Washington ni wọn kì í gba owó lé. Ọkọ̀ àti oúnjẹ ló ń jẹ owó àlejò tán níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Dulles. Ibẹ̀ jìnnà sí àárín ìlú, owó takisí sì lè gbé apá ńlá nínú dọ́là 200 yín lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Láti ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Metro ti ń dé pápákọ̀ náà. Ẹ wọ Metro tó ń gba ọ̀nà Silver Line, ẹ bọ́ọ́lẹ̀ ní ibùdókọ̀ L'Enfant Plaza, kí ẹ wọ ti ọ̀nà Green Line lọ sí ibùdókọ̀ Hyattsville Crossing, kí ọmọ yín wá pàdé yín níbẹ̀. Ní iye tí wọ́n fi lélẹ̀ ní 2024, owó ọkọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là 2.25, ó sì lè tó 6.75 bí ibi tí ènìyàn ń lọ bá ṣe jìnnà tó. Ṣùgbọ́n ní Sátidé, ní ọjọ́ Àìkú, àti lẹ́yìn aago 9:30 alẹ́, kò kọjá 2.50, bó ti wù kí ọ̀nà náà jìn tó. Ẹ sọ fún ọmọ yín kó wá tíkẹ́ẹ̀tì tí yóò gbé yín balẹ̀ ní Sátidé. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé àpò èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí ni ẹ ń gbé bọ̀, kó wá fi ọkọ̀ gbé yín. Àtẹ̀gùn ibùdókọ̀ kò dára fún ẹ̀yìn àgbàlagbà.

Ẹ ra káàdì SmarTrip, tí wọ́n fi ń san owó Metro. Ẹ ó fi kan ẹ̀rọ nígbà tí ẹ bá ń wọlé, ẹ ó sì tún fi kàn án nígbà tí ẹ bá ń jáde, nítorí pé ibi tí ẹ ti jáde ni ẹ̀rọ fi ń mọ iye tí yóò yọ. Ènìyàn méjì kò lè pín káàdì kan lò. Wọn kò gbà kí ènìyàn jẹun nínú ọkọ̀ náà.

Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pápá gbalasa tí wọ́n ń pè ní National Mall, ọ̀fẹ́ sì ni wíwọlé síbẹ̀. Ẹ gbé oúnjẹ dání láti ilé, kí ẹ jókòó sórí koríko pápá náà jẹ ẹ́, nítorí oúnjẹ inú ilé wọ̀nyẹn wọ́n. Láti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin dé ibi ìrántí Lincoln, níbi tí Martin Luther King ti sọ̀rọ̀ ní 1963, tó kìlómítà mẹ́ta, nítorí náà ẹ pín in sí ọjọ́ méjì, kí ẹ sì wọ bàtà tó rọ̀ yín lẹ́sẹ̀.

Ọjọ́ kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, tí wọ́n ṣí ní 2016. Kí ọmọ yín ti gba ìwé ìwọlé ọ̀fẹ́ sílẹ̀ fún yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ tó wọlé, ẹ dúró níta kí ẹ wòkè: ìpele mẹ́ta tó fẹ̀ sókè yẹn, lára adé orí òpó gbígbẹ́ ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti mú un.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọjá sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà Áfíríkà, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà bóyá ọpọ́n tí Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀-Èkìtì, gbẹ́ wà níbi tí àlejò ti lè rí i lọ́jọ́ náà. Obìnrin tó kúnlẹ̀ ló gbé ọpọ́n náà dání. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wo àárín àwọn ère kéékèèké tó gbé e ró: orí ènìyàn kan wà níbẹ̀ tó lè yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n tí kò ṣeé yọ síta, nítorí pé inú igi kan náà ni Ọlọ́wẹ̀ ti gbẹ́ ẹ.