Ẹ gba ìwé àṣẹ ibi ayẹyẹ kí ẹ tó ra ohun ọ̀ṣọ́ kankan

Ìyá ọlọ́jọ́ ìbí, mo ka ìbéèrè yín pé ọmọ yín yóò pé ọdún mẹ́fà, pé ọ̀ṣọ́ òṣùpá àti ìràwọ̀ ni ó ń fẹ́, pé inú ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba ni ẹ fẹ́ ti ṣe é, àti pé ẹ fẹ́ mọ ohun ọ̀ṣọ́ tí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín ṣe kí owó má baà pọ̀ jù. Mo ṣe irú rẹ̀ fún àbígbẹ̀yìn mi nígbà tí ó pé ọdún márùn-ún. Ọ̀ṣọ́ inú òkun ni tiwa, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni a sì fi ń gé ẹja àti alákàn lára páálí. N óò dé orí ohun ọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí.

Ó ku oṣù kan ni mo lọ bá àwọn tí ń mójú tó ọgbà náà. Ọ̀gá tí mo bá lórí àga kò gbé ojú kúrò lára fóònù rẹ̀ tí ó fi sọ fún mi pé ọgbà gbogbo ènìyàn ni, pé ẹni tó bá wù lè wá jókòó síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi í bóyá mo nílò ìwé, ó ní kí n má da ara mi láàmú. Nígbà tí ọjọ́ pé, a dé láti aago méje àárọ̀, a ta aṣọ aláwọ̀ òkun mọ́ igi mẹ́rin, a fi okùn gbé àwọn ẹja wa kọ́, àwọn ọmọ sì ti ń sáré kiri, kí òṣìṣẹ́ mìíràn tó yọ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, tí ó ń sọ pé òfin kò gbà kí a so ohunkóhun mọ́ igi, pé èrò tó bá pọ̀ tó tiwa gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, àti pé ẹlòmíràn ti sanwó ibi tí a wà gan-an fún aago mọ́kànlá. Mo ní ọ̀gá rẹ̀ ni ó gbà wá láyè. Ó ní ìwé rẹ̀ dà? Ẹnu lásán ni mo ní. Ojú àwọn ọmọ ni a ṣe tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, ọmọ tèmi sì di etí aṣọ náà mú, ó ń bi mí bóyá òun ni ó ṣẹ̀. Ọ̀sán gangan ni a tó rí ààyè mìíràn, níbi tí kò sí igi kan ṣoṣo.

Nítorí náà, ẹ kọ lẹ́tà, kí wọ́n sì fi òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé dá a padà fún yín. Kí ọjọ́, wákàtí àti iye ènìyàn wà nínú rẹ̀. Kí ó sọ bóyá ẹ lè so nǹkan mọ́ igi, bóyá ẹ lè kan èèkàn mọ́lẹ̀, bóyá ẹ lè lo ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àti ẹni tí yóò kó ìdọ̀tí. Ìwé náà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ mú lọ.

Inú oòrùn ibi tí a kó lọ yẹn ni àwọn fèrè oníròbà (bàlúùnù) wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́, nítorí pé ooru a máa mú afẹ́fẹ́ inú wọn wú. Ọmọ kékeré kan ti ju èyí tó bẹ́ sẹ́nu kí a tó rí i. Ọ̀fun ni irú rẹ̀ máa ń dí, ìkìlọ̀ tí wọ́n sì máa ń kọ sára páálí rẹ̀ kan gbogbo ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8. Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ọ̀jáfáfá nínú ọ̀ṣọ́, tó rọ̀ mí pé kí n ra igba fèrè, kò sọ èyí fún mi. Bí ẹnìkan bá tún fi ilé aláfẹ́fẹ́ tí àwọn ọmọdé ń fò nínú rẹ̀ lọ̀ yín ní ẹ̀dínwó, ẹ rántí pé ní Bíríténì, bí eré atẹ́gùn bá ti ju kìlómítà 38 lọ ní wákàtí kan, wọn kò gbọdọ̀ lò ó, àti pé ọmọ mẹ́fà ni irú rẹ̀ pa ní Tasmania, ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ní ọdún 2021 nígbà tí atẹ́gùn gbé e.

Ìwé ìpè àti eré kò le, ẹ óò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ní ti ìràwọ̀ yín, ojú kan ni kí ẹ kó gbogbo ọ̀ṣọ́ jọ sí, ìyẹn ẹ̀yìn tábìlì kéèkì, nítorí pé ibẹ̀ ni wọn yóò ti ya fọ́tò. Pápá gbalasa kò ṣeé ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ tán. Aṣọ dúdú kan àti ìràwọ̀ onípáálí tó. Ẹ dá ihò díẹ̀ sára aṣọ náà kí atẹ́gùn lè gba inú rẹ̀ kọjá, kí ẹ sì so ìgò tí omi kún inú rẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí pé lítà omi kan wúwo tó kìlógíráàmù kan, kò sì ná yín ní nǹkan kan. Okùn ni kí ẹ lò, nítorí téèpù kì í lẹ̀ mọ́ ohun tí ìrì ti sẹ̀ sí. Aṣọ dúdú a máa fa ooru, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kankan jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má sì ra ìràwọ̀ tí ń tàn nínú òkùnkùn fún ayẹyẹ ojú ọ̀sán. Mo mọ ẹni tó rà á.

Oúnjẹ tí ó lè tètè bàjẹ́ kò gbọdọ̀ ju wákàtí 2 lọ níta, wákàtí 1 péré bí ooru bá ti kọjá ìwọ̀n 32 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Kéèkì ni kí ẹ gbé jáde kẹ́yìn, kí ẹ sì gé ìdí ìgò ńlá kan láti fi bo àbẹ́là. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni a tan tiwa, atẹ́gùn ni ó sì ń pa á kí ọmọ tó mí kanlẹ̀.