Títi bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn Corvette

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ọkọ̀ Corvette ti ọdún 2003 ni mo ń wà ní Houston. Báwo ni mo ṣe lè ti bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ láìbà wọ́n jẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe já bọ́nẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀ gbà láti òkè bí ti ọkọ̀ onírin, nítorí fáíbà ni wọ́n fi ṣe é, ó sì lè là. Ẹ rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ igun méjèèjì nítòsí gíláàsì iwájú, níbi tí ó ti ń há lọ́tùn-ún àti lósì. Àárín rẹ̀ kọ́ là ń tẹ̀. Bí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn bá jẹ́ gíláàsì ńlá, etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ tì sísàlẹ̀. Bí ẹ bá tọ́jú òrùlé tó ṣeé yọ sábẹ́ gíláàsì náà, ẹ kọ́kọ́ rí i pé ó jókòó dáadáa, kí gíláàsì má baà kọlù ú.