Láptọ́ọ̀pù tí kò ka síídì mọ́: fíláàṣì 8GB ti tó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó sórí ẹ̀rọ DVD tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ láptọ́ọ̀pù yẹn. Ẹ ní Dell Latitude E6410 ni, Windows 7 ló wà lórí rẹ̀, ẹ fẹ́ gbé Windows tuntun tàbí irú rẹ̀ sí i, àmọ́ kò ka síídì mọ́. Irú rẹ̀ gan-an ni mo ń lò. Tòkunbọ̀ ni, ibi síídì rẹ̀ ti kú kó tó dọ́wọ́ mi, kò sì dí mi lọ́wọ́ rí. Fíláàṣì ló ń ṣiṣẹ́ yẹn báyìí.

Ohun tí ẹ fẹ́ gbé sórí rẹ̀ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rò. Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe àti ààbò Windows 7 dúró láti oṣù Kìíní ọdún 2020, ti Windows 10 náà sì dópin ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà), E6410 ò sì ní in. Àwọn kan á ní Rufus, ètò kékeré tí wọ́n fi ń kọ Windows tàbí Linux sórí fíláàṣì, lè bá yín fo àyẹ̀wò yẹn. Ó lè fò ó lóòótọ́, ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù tó ti ń mí hẹlẹ, kí lẹ fẹ́ kó fi Windows 11 ṣe? Linux Mint (ètò ọ̀fẹ́ tó ń gba ipò Windows), ẹ̀yà Xfce tó fúyẹ́, ni mo fi sórí tèmi, RAM 4GB sì ń gbé e dáadáa. Bó bá jẹ́ CorelDRAW, ètò ìyàwòrán tí kò sí fún Linux, lẹ fi ń jẹun, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: ẹ gbé Windows 10 sí i, àmọ́ ẹ má fi wọ báńkì.

Rufus lẹ máa fi kọ Mint sórí fíláàṣì. Bó bá jẹ́ orí Windows 7 yẹn náà lẹ ti fẹ́ ṣe é, Rufus tuntun ò ní ṣí, 3.22 ni ẹ̀dà ìkẹyìn tó gbà á. Níbi “Partition scheme” (ọ̀nà tí Rufus á gbà pín fíláàṣì), MBR, ti àtijọ́, ni kí ẹ mú. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń há: wọ́n á mú GPT, ti tuntun, BIOS àtijọ́ (ètò tó ń jí láptọ́ọ̀pù) ò ní rí fíláàṣì náà, wọ́n á wá máa bú láptọ́ọ̀pù.

Fíláàṣì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Mo ra ọ̀kan lẹ́bàá títì tí wọ́n kọ 64GB sí lára. Rufus parí iṣẹ́ láìkùn, láptọ́ọ̀pù tan, àfi bó ṣe dé àárín tó ń pariwo pé fáìlì bàjẹ́. Mo ti ń fura sí hádídíìsì kí n tó rí i pé ayédèrú ni fíláàṣì náà, ohun tó wà nínú rẹ̀ ò tó nǹkan. Nínú Rufus kan náà, ẹ máàkì “Check device for bad blocks” kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń pẹ́, ṣùgbọ́n á tú irú ayédèrú bẹ́ẹ̀ fó.

Ẹ pa láptọ́ọ̀pù, ẹ ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, ẹ tàn án, kí ẹ máa tẹ F12 léraléra bí orúkọ Dell bá ṣe yọ. Lórí HP, F9 ni. Mint á kọ́kọ́ ṣí láti orí fíláàṣì láìtíì fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ fi àyè yẹn dán Wi-Fi àti ohùn wò. Bí Wi-Fi ò bá jáde, ẹ fi wáyà so fóònù mọ́ ọn, kí ẹ tan “USB tethering”. Dátà fóònù lẹ máa fi wá dráífà rẹ̀, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí Wi-Fi ṣiṣẹ́.

Bí ẹ bá wá ń gbé Mint sórí láptọ́ọ̀pù gan-an, kí ẹ tó tẹ “Erase disk” tó ń nu hádídíìsì, gbogbo fọ́tò àti ìwé yín gbọ́dọ̀ ti wà níbòmíràn, torí nǹkan kan ò ní ṣẹ́kù. Bátìrì tèmi ò gbé ìṣẹ́jú márùn-ún, nítorí náà, jẹnẹrétọ̀ ni mo tàn, n kò dúró de iná NEPA. Bí déètì bá sì ń padà sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tàn án, ẹ pààrọ̀ bátìrì kékeré inú rẹ̀, CR2032, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ íntánẹ́ẹ̀tì á máa sọ pé gbogbo ojú-ewé ló léwu.