Kí ló dé tí Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey fi jọ ṣọ́ọ̀ṣì?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní Àgùdà ló kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tó wà ní Martins Street, l'Ékòó. Ṣebí àwọn Kátólíìkì là ń pè ní Àgùdà? Kí ló da Àgùdà pọ̀ mọ́ mọ́ṣáláṣí?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni wọ́n sọ fún yín. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíl àti Kúbà, tí wọ́n sì padà wá sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni Àgùdà. Kátólíìkì pọ̀ nínú wọn, ibẹ̀ la ti ń pe ìjọ náà ní ìjọ Àgùdà. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí wà nínú wọn dáadáa. Àwọn Mùsùlùmí ló ṣáájú ọ̀tẹ̀ ẹrú tó ṣẹlẹ̀ ní Bahia lọ́dún 1835, ọ̀pọ̀ ni wọ́n sì lé padà sí Áfíríkà lẹ́yìn rẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n gbé dé: bíríkìlà, káfíńtà, télọ̀. Ẹ rìn dé Pópó Àgùdà, láti Campos dé Bámgbóṣé Street, ẹ wo ìwọ̀nba ilé àtijọ́ tó kù. Ògiri wọn nípọn, orí fèrèsé wọn tẹ̀ kọrọdọ, òdòdó àti ewé sì yí i ká. Ọwọ́ ni bíríkìlà fi ń mọ òdòdó yẹn sára ògiri, kí ohun tó fi rẹ́ ẹ tó gbẹ. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n, ó di àtúnṣe. Irú iṣẹ́ yìí náà ló wà níwájú Shitta-Bey, pẹ̀lú àwọn ṣóńṣó kéékèèké tó ta sókè lórí rẹ̀. Ohun tó ń mú kí ojú rí ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn.

Mohammed Shitta tó náwó sí i kì í ṣe Àgùdà rárá. Sàró ni, ilẹ̀ Sierra Leone ni wọ́n bí i sí, òwò tó ṣe lójú Odò Ọya ló sì sọ ọ́ di olówó. Ó gbé iṣẹ́ náà fún João Baptista da Costa, ọ̀gá bíríkìlà Àgùdà, Sanusi Aka sì bá a ṣe é. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 4 oṣù Keje, ọdún 1894, níṣojú Gómìnà Gilbert Carter. Ọba Túrkì, Abdul Hamid Kejì, fi oyè Bey dá Shitta lọ́lá, oyè náà sì di orúkọ ìdílé rẹ̀ títí dòní.

Ẹ ò rí i pé òdòdó ara ògiri kọ́ ló ń sọ ẹ̀sìn ẹni tó nilé. Ẹni tó mọ iṣẹ́ jù l'Ékòó nígbà náà ni Shitta wá lọ, bí àwọn àlùfáà Kátólíìkì náà ṣe gbé iṣẹ́ fún àwọn Àgùdà.

Mo rọ̀ yín kí ẹ tètè lọ wò ó. Ilé Ilọ́jọ̀ ní Tinúbú, iṣẹ́ Àgùdà tí ìjọba ti kà sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè láti 1956, ni wọ́n wó lulẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2016. Ó ń dùn mí títí di òní. Lọ́dún 2013 ni wọ́n tó ka Shitta-Bey sí irú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé bẹ́ẹ̀. Ẹ yẹra fún àkókò ìrun, kí ẹ sì tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn alábòójútó mọ́ṣáláṣí kí ẹ tó wọlé.