Sprint orí kẹ̀kẹ́: ẹ̀bùn wà lóòótọ́, àìsinmi ló ń bà á jẹ́

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní àbúrò yín, ọmọ ọdún 17, máa ń ṣe ipò kìíní ní 100 mítà nílé ìwé, ẹ wá fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè di eléré sprint orí kẹ̀kẹ́, ìyẹn eré kúkúrú tí wọ́n ń fi gbogbo agbára wà nínú pápá kẹ̀kẹ́, àbí àbímọ́ ni. Àbímọ́ wà níbẹ̀, kí á má tan ara wa. Okùn iṣan tó ń yára fà, tó sì tètè ń rẹ̀, kò pọ̀ bákan náà lẹ́sẹ̀ gbogbo èèyàn, ọ̀dọ̀ òbí ni apá ńlá nínú rẹ̀ sì ti ń wá. Ṣùgbọ́n ọmọ tó mọ eré sá, ó ṣeé ṣe kó ti ní i nílẹ̀. BMX, kẹ̀kẹ́ kékeré tí wọ́n fi ń sáré tí wọ́n sì ń fò lórí òkìtì, ni Harrie Lavreysen, eléré sprint ará Netherlands, ń gùn tẹ́lẹ̀ kí èjìká tó ń yẹ̀ tó lé e kúrò níbẹ̀. Ní Olympics Paris lọ́dún 2024, ó gba wúrà 3, ó sì gba 200 mítà kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá 9.088.

Ẹ má fi títóbi itan díwọ̀n ọmọ. Ẹ gbé e sórí kẹ̀kẹ́ jíìmù tó ń ka wọ́ọ̀tì, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára tí ẹsẹ̀ ń tì jáde, kó fi gbogbo agbára wà á fún ìṣẹ́jú àáyá 6, kó sinmi ìṣẹ́jú 5, kó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ mú iye tó ga jù, kí ẹ fi kílò ara rẹ̀ pín in. Bó bá tó wọ́ọ̀tì 16 lórí kílò kan láìtíì gbé irin rí, ẹ má fi ọmọ yẹn ṣeré.

Àìsinmi ló ń ba ẹ̀bùn jẹ́, mo sì fẹ́ kí ẹ fetí sí èyí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Agbára tí iṣan fi ń ṣe sprint, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10 ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú ló sì ń gbà kó tó padà. Ẹni tó sinmi ìṣẹ́jú 2 tó tún gbéra, bí wọ́n ṣe ń wa kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú àárẹ̀ ló ń kọ́. Gbígbéra láti ojú kan, ìdajì pápá, ìyẹn 125 mítà: ẹ̀ẹ̀mẹrin sí mẹ́fà tó, kó sinmi ìṣẹ́jú 10 sí 12 láàárín wọn. Bí àkókò bá ti fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá gùn sí i, kó sọ̀ kalẹ̀. Ó parí lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ kejì, eré kò sí.

Ẹ wo ìgbéra náà dáadáa. Ọwọ́ á wà nísàlẹ̀ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, pẹ́dà iwájú á ga díẹ̀ ju tẹ̀yìn lọ. Bí ìró aago tó ń ka àkókò ìgbéra bá ku méjì, ìdí á fà sẹ́yìn; ní ìró tó kẹ́yìn, ìbàdí á ta síwájú bí ẹni fẹ́ fi ìdodo kan irin, apá á fà, ẹsẹ̀ á tẹ̀. Bí ìbàdí bá pẹ́, orí á dìde, táyà iwájú á ṣe ségesège, àkókò ti lọ nìyẹn.

Ní jíìmù, lílóṣòó pẹ̀lú irin lẹ́jìká ni olórí: ẹ̀ẹ̀mẹta sí márùn-ún nínú ìpele kan, ìpele 4, ìsinmi ìṣẹ́jú 4. Oṣù méjì àkọ́kọ́, irin fífúyẹ́ ni, kí ẹ̀yìn má baà tẹ̀.

Jíà ńkọ́? Eyín 50 níwájú àti 14 lẹ́yìn ń gbé kẹ̀kẹ́ lọ tó mítà 7.5 ní ìyípo pẹ́dà kan. Láti gba 200 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹsẹ̀ á yí nígbà 160 ní ìṣẹ́jú kan. Pẹ̀lú 60 àti 15, nǹkan bí 143 ni. Ìdí tí àwọn àgbà fi ń lo jíà ńlá nìyẹn, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì lágbára á kàn máa rọ́ pẹ́dà ni. Kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 48 àti 15. Kẹ̀kẹ́ sprint kò ní bíréèkì, pẹ́dà rẹ̀ kì í sì í dúró bí táyà bá ń yí, nítorí náà kẹ̀kẹ́ ojú títì ò lè rọ́pò rẹ̀. Ní Paris, ọwọ́ àwọn ará Jámánì ni Ese Ukpeseraye, ọmọ Nàìjíríà wa, ti yá kẹ̀kẹ́ kó tó lè wọ keirin, ọ̀kan lára àwọn eré kẹ̀kẹ́ inú pápá.

Oúnjẹ: kó má febi pa ara rẹ̀ nítorí kó lè fúyẹ́. Ẹni 80 kílò nílò nǹkan bí gíráàmù 130 sí 160 protein lójúmọ́, kó pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹyin 4 tó gíráàmù 24. Ẹja tàbí adìyẹ sísè 100 gíráàmù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀wà á kún ìyókù. Wákàtí 3 ṣáájú eré, iṣu tàbí ìrẹsì, kì í ṣe ẹ̀bà ńlá. Creatine, àfikún oúnjẹ tó ń ran agbára iṣan lọ́wọ́, gíráàmù 3 sí 5 lójúmọ́, ṣiṣẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n kó dúró títí yóò fi dàgbà díẹ̀ sí i, kí dókítà sì mọ̀ sí i. Àgúnmu àti kápúsù tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kó yàgò fún un: bí wọ́n bá rí oògùn èèwọ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dáhùn, kì í ṣe ẹni tó tà á fún un.